Òórùn Yàrá Ìyá

Ọ̀rọ̀ òórùn tó ń wà nínú yàrá rẹ̀ ti tojú sú Ìyá. Bó bá wẹ̀ láàárọ̀, òórùn á lọ. Kó tó di ọ̀sán, á ti padà. Á tún wẹ̀, á tún lọ. Bí kì í bá ṣe ara òun ló ń rùn, kí ló dé tó jẹ́ pé ìwẹ̀ ló ń lé e? Ó fi imú sọ́rùn aṣọ, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò lójú. Ó wá gbà pé ìtọ̀ ti ń bọ́ lára òun láìmọ̀. Obìnrin tó fọ aṣọ ilé ìwòsàn fún ọgbọ̀n ọdún, tí òun àti ìdọ̀tí kì í jọ gbé!

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò bínú sí i. Ó kàn ń ṣí fèrèsé kiri ilé ni. Nígbà tó ṣe, ó gbé ìwé ilé ìtọ́jú àwọn àgbà wá.

"Màámi, wọ́n ní nọ́ọ̀sì gidi níbẹ̀."

"Ó dáa," ni Ìyá wí, ó sì fọwọ́ sí i. Ó dùn ún wọnú egungun.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ọmọ náà pe pọ́ńbà tó ń tún páìpù omi ṣe, nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń pariwo. Pọ́ńbà bẹ ihò omi bálùwẹ̀ Ìyá wò.

"Ta ló mu omi ibí tán?"

Páìpù abẹ́ ihò náà tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, omi ló sì yẹ kó máa jókòó síbẹ̀, kó dí òórùn lọ́nà. Pọ́ńbà da omi sí i, òórùn lọ. Ó ní kí wọ́n fi omi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè. Gbuuru! Omi náà fà lọ lójú gbogbo wọn, òórùn dé.

"Páìpù yín ò rí afẹ́fẹ́ mí, ló ṣe ń fa omi ibí mu. Omi ìwẹ̀ yín ló ń kún un padà, Ìyá."

Ó gun òrùlé, ó bá agolo tí wọ́n fi dé ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ pa.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni," ni ọmọ wí. "Mo rò pé wọ́n gbàgbé ẹ̀ ní ṣíṣí ni. Mi ò fẹ́ kí òjò wọ̀ ọ́."

Omi ń bọ́ lójú ọkùnrin náà.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò bá mi jiyàn?"

Ìyá fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fún un.

"Kí n jiyàn kẹ̀? Èmi gan-an ti gbà pé èmi ni."