Òwú Tí Ìbíjọkẹ́ Fi Ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́

“Fà á! Fà á, Rodiat, kí ọwọ́ mi tó já!”

Rodiat ki ìdí ṣíbí bọ abẹ́ ìdè aago náà, ó fi gbé e sókè, ó sì ṣí pàù. Ìbíjọkẹ́ jókòó gbì sórí àpótí, ó ń fẹ́ ẹnu sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ojú ṣéènì irin náà ló tẹ̀ síbẹ̀ bí ojú okùn lára àgbò iléyá.

Ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ títí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Àfọwọ́fà mi nìyí.”

Òótọ́ ni. Alàgbà Ajíbóyè ará Ẹ̀pẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, tó sì ti ń fẹ́ fi Ìbíjọkẹ́ ṣe aya láti ọdún tó kọjá, ló pè é lórí fóònù pé kó fi òwú wọn ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kó gé e, kó fi rán awakọ̀ kan sí òun. Òun fẹ́ ra aago fún un.

Aago! Fún opó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta! Ìbíjọkẹ́ wọn òwú, ó nà án sójú, ó rí i pé ó tó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ojú tì í. Ló bá pe Rodiat, ọmọ Mujeeb àkọ́bí rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, ó wọn tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Àárọ̀ òní ni aago náà dé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tirẹ̀ ò tíì lọ ju oṣù kan lọ tọ́wọ́ fi tẹ̀ ẹ́.

Ó gba ìsọ̀ Súbérù lọ, ẹni tó ń tún aago ṣe lẹ́bàá gáréèjì Ìkòròdú. Súbérù yẹ ṣéènì náà wò.

“Ìyá, wọ́n ti yọ ojú mẹ́ta kúrò nínú èyí. Ẹ kó wọn wá kí n dá wọn padà.”

“Níbo ni kí n ti kó wọn?”

“Lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Bá a bá ti yọ wọ́n, oníbàárà la máa ń kó wọn fún. Èmi ò ní irú ẹ̀.”

Ọjọ́ Àìkú ni Ajíbóyè ń bọ̀ wá kí àwọn ọmọ Ìbíjọkẹ́. Bí bàbá náà bá rí ọwọ́ rẹ̀ lófìfo, á gbà pé ó kọ òun. Bí Ìbíjọkẹ́ bá sì lọ béèrè ojú ṣéènì, irọ́ òwú tú nìyẹn.

Ó wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n tó dé Agbowa, ó ti ro irọ́ mẹ́ta mìíràn jọ: òjò ló pa irin náà tó fi súnkì, iyọ̀ ọbẹ̀ ló mú òun wú, oyin ló ta òun. Ti oyin yẹn pa á lẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó jókòó tì í rọra sún mọ́ fèrèsé.

Ajíbóyè ń fá irùngbọ̀n níwájú ilé nígbà tó yọ sí i. Ìfófó ọṣẹ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, èkejì ń dán.

“Ìyá Mujeeb! Ẹ ò tiẹ̀ pè mí kí n múra!”

Oyin ti wà lẹ́nu Ìbíjọkẹ́, ó ku kó tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè purọ́ fún ọkùnrin tó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan?

“Òwú yẹn, ọwọ́ ọmọ-ọmọ mi ni. Tèmi nìyí.” Ó na apá síwájú bí ẹni tó ń ta iṣu. “Ẹ wò ó dáadáa. Ó ti yan gàrí fún ogójì ọdún. Kì í ṣe ọwọ́ ọmọge.”

Ajíbóyè rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi ta sí gèlè rẹ̀. Ó wọlé, ó mú bébà kékeré kan jáde. Ojú ṣéènì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

“Mo mọ̀ pé òwú yẹn kì í ṣe tiyín. Àmọ́ ta ni mí, tí màá fi sọ pé ọwọ́ yín tóbi ju bí ẹ ṣe wí lọ? Mo ní kí àwọn tó ta aago tẹ̀ lé òwú.”

“Ta ló sọ fún yín?”

Ajíbóyè gba aago náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ ti píìnì tó so ṣéènì náà pọ̀ jáde, ó to ojú mẹ́ta náà sí i, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kàn án wọlé. Ó de aago náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ki ọmọ-ìka tirẹ̀ bọ abẹ́ ṣéènì. Ìka náà kọjá wẹ́rẹ́. Aago ò há, kò sì yọ̀ lọ sí ìgúnpá.

“Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo dì yín lọ́wọ́ mú lọ́dún tó kọjá, tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Ipakodo?” Ó ká àtàǹpàkò àti ìka àárín rẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n kanra. “Ibi tí wọ́n dé nìyí.”

Ìbíjọkẹ́ ki ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kejì bọ àárín ìka náà. Ó kún un rẹ́gí.

Ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tí ọkùnrin yìí ti mọ bí òun ṣe sanra tó, kò sì yé pe òun.