Àtàǹpàkò Kan Ṣoṣo

Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn báńkì láràárọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín a máa dá orin, Arẹwà tó wà ní káńtà kejì a sì máa gbè é:

"Oníbàárà ń bọ̀ o!"
"Ẹ jẹ́ á rẹ́rìn-ín pàdé rẹ̀!"

Àfi bíi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ló so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, olú ilé-iṣẹ́ ní kí ẹnì kan lọ kọ́ ọ, kó wá kọ́ àwọn yòókù. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n mú. Arẹwà dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò rán mi níbì kankan rí." Ni Ẹlẹ́rìn-ín bá yọ̀ǹda àyè rẹ̀ fún un. Títí ìyẹn fi dé, ó ń ṣiṣẹ́ káńtà méjì, ó ń lọ mú ọmọ Arẹwà nílé ìwé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Arẹwà padà dé, ó kọ́ wọn dáadáa, àfi ibi tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó parí.

"Tèmi nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ pè mí."

Ó wá di "Arẹwà dà?" látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá lọ jẹun, báńkì dúró. Èrò tò dé títì. Oníbàárà kan ní, "Ìyá ẹlẹ́rìn-ín, ṣé ẹ̀rín la fẹ́ gbé lọ sílé ni?" Máníjà ní olùkọ́ tó kọ́ Arẹwà ń bọ̀ láti olú ilé-iṣẹ́, ẹni tí kò bá lè dá iṣẹ́ rẹ̀ parí lójú rẹ̀ yóò kúrò ní káńtà. Ẹ̀rín bá kúrò lẹ́nu Ẹlẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ dé, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ṣe é, kò ṣì í, ó dé ìparí, ó ké pe Arẹwà.

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Àtàǹpàkò rẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀yin ò ní tiyín ni? Ṣebí mo ní kó gba ti gbogbo yín sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó bá padà dé!"

Olùkọ́ gba àtàǹpàkò Ẹlẹ́rìn-ín sínú ẹ̀rọ. Kó tó ṣẹ́jú, iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà; tẹni yìí ò tiẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, káńtà kejì ló jókòó sí. Ẹlẹ́rìn-ín wò ó. Bàtà ara rẹ̀ nìyẹn ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa wá mi ni."

"Ṣebí èmi ń wá ọ tẹ́lẹ̀."

Nígbà tó tó àkókò ilé ìwé, Arẹwà rọra bi í pé, "Ọmọ ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ọmọ ò ṣẹ̀ mí. Màá lọ mú un. Ìwọ ni kó o má wọlé mi mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wàá ti máa gbà á."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹlẹ́rìn-ín wà ní káńtà rẹ̀, ó panu mọ́. Arẹwà dúró títí, ó fohùn wẹ́lẹ́ gbè é:

"Ẹ jẹ́ á rẹ́rìn-ín pàdé rẹ̀…"

Ó gbe orin tí ẹnikẹ́ni ò dá. Wọ́n ṣílẹ̀kùn.