Ẹ Má Tíì Tú Alágbàtà Palẹ̀

"Tó bá di aago méjìlá tí kò tíì yára, màá tú u palẹ̀," ni Alàgbà Lazarus wí. "Títíladé, ẹ̀rọ ẹ ti di ìdènà."

"Ìdènà kẹ̀, sà? Ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi tò!"

Alàgbà ti yísẹ̀ padà. Àwọn ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ kékeré kan ní Moniya, lọ́dún 1999. Ọgbọ̀n kọ̀ǹpútà ló wà ní gbọ̀ngàn wọn, okùn tẹlifóònù kan ṣoṣo ló so gbogbo wọn mọ́ ayé. Títíladé, tí kò fẹsẹ̀ tẹ yunifásítì rí, tó forí kunkun kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ló fi àlòkù ẹ̀rọ kan sáàárín. Alágbàtà ló sọ ọ́, nítorí iṣẹ́ alágbàtà ló ń ṣe: ẹnìkan á béèrè ojú ewé, á lọ gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn, á fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ikùn, kí ẹni tó bá tún béèrè lè rí i gbà lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ yìí, ojú ewé kan náà lórí àrùn ẹ̀gẹ́ ni ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè. Ìdánwò ń bọ̀ lọ́sàn-án. Alágbàtà dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Títíladé bù kún àyè ìrántí tó yàn fún un. Ó burú sí i! Ẹ̀rọ jẹ àjẹkì, kò lè mí mọ́, inú rẹ̀ ń kùn gìrìgìrì. Kíá ló dá a padà.

"Mùsílímátù!" ó ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní títẹ̀wé. "Ọjà wà nílé, oníbàárà wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ló dé tí kò tà?"

"Bóyá ó ń kírun."

"Ní aago mọ́kànlá?"

"Á jẹ́ pé ti Alàgbà ló ń ṣe. Ó ń gbààwẹ̀."

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ariwo sọ lẹ́nu géètì. Mùsílímátù ṣí fèrèsé. Èrò ti dí ọ̀nà pa, Bàbá Sàníù aṣọ́nà dúró gbọnin tòun ti ìwé àti bírò.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Bàbá, Jìmí ni! Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mò ń kọjá níbí lónìí rèé!"

"Mo mọ̀ ẹ́. Orúkọ ni mo bi ẹ́. Ọmọ ta sì ni ẹ́? Ọ̀gá ní kí n kọ gbogbo ẹ̀."

Ẹ̀rín gé mọ́ Títíladé lẹ́nu. Ó gbá orí mú.

"Yéè! Àṣẹ kan náà ni wọ́n pa fún èmi náà!"

Lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Alàgbà ní kí ẹ̀rọ máa kọ orúkọ kọ̀ǹpútà tó bá béèrè nǹkan. Nọ́ńbà nìkan ni Alágbàtà mọ̀. Nítorí náà, kó tó gbé ohunkóhun sílẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ rán ìránṣẹ́ gba orí okùn kan ṣoṣo yẹn lọ sí Èkó, sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn, kó lọ bi wọ́n ní orúkọ kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀ gangan! Ìránṣẹ́ márùn-ún péré ló sì ní. Ọgbọ̀n èèyàn ń retí.

Títíladé pa ìbéèrè orúkọ yẹn rẹ́. Kò tán síbẹ̀, ó sọ ìránṣẹ́ márùn-ún di ogún, fún àwọn ìrìn àjò tó pọn dandan. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn.

Gbọ̀ngàn bú sáriwo ayọ̀.

"Ó ti dé!"

"Tèmi dé kí n tó gbọ́wọ́ kúrò!" ni Olúfúnmi, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ń pariwo, tó ń fò sókè sódò.

Alàgbà sáré wọlé. "Orúkọ wọn ńkọ́?"

"Nọ́ńbà ni mo kọ, sà. Tí wọ́n bá relé tán, a ó wá orúkọ tó ni nọ́ńbà. Ẹni tébi ń pa, oúnjẹ là á kọ́kọ́ fún un, ká tó bi í pé ọmọ ta ni."

Alàgbà fajú ro, wọ́n jókòó sórí àga kan tó ṣófo, wọ́n tẹ kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀. Ojú ewé ẹ̀gẹ́ yọ fàà kí ìdí wọn tó balẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n bọ́ sórí àga kejì. Fàà! Ìkẹta. Fàà! "Ẹ wò ó! Ẹ wá wò ó!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pàtẹ́wọ́ fún wọn bí ìgbà tí wọ́n ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aago méjìlá kọjá, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Orí àga keje ni Alàgbà wà, Olúfúnmi sì kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó ń bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, àga mi nìyẹn. Mo níwèé í kà."