Ìràwọ̀ tó Wálẹ̀ Lọ́jọ́bọ̀

“Ẹ má sọ ọ́! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ohun tí ẹ rí fún mi!” Ìbùkún ń pariwo lórí fóònù láti Àkúrẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ìlú Oǹdó ni Fọláwùmí dúró sí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú ni, ojú ọ̀run mọ́ roro, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Òfin òun àti Ìbùkún àbúrò rẹ̀ ni pé ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí kí ẹnìkejì tó wo tirẹ̀, kí ojú má baà máa rí ohun tí etí ti gbọ́. Ìbùkún, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló fi ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Algol hàn án. Ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po ni. Bí èyí tó ṣókùnkùn bá bọ́ síwájú èyí tó mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn á wálẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, á sì tún padà. Ìbùkún ló máa ń sọ ọjọ́ tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ ní kí Fọláwùmí ka ọjọ́ náà fúnra rẹ̀.

“Mi ò pè ọ́ torí ìràwọ̀. Ojú mi ló ń lọ, Ìbùkún. Bí ti Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.”

“Háà! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ta ni ì bá tún sọ ọ́? Lánàá, ojú yìí purọ́ fún mi. Lónìí, ó tún pa òmíràn. Abẹ́rẹ́ gan-an, mo ń wá ihò rẹ̀ tì. Mo ti dá aṣọ ìgbéyàwó Monílọ́lá padà fún un. Ta ló fẹ́ kí afọ́jú rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ aṣọ ìyàwó?”

Iṣẹ́ aránṣọ ló fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀. Bí ojú bá lọ, kí ló kù? Ó rántí bí ìyá wọn ṣe ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn nínú ilé ara rẹ̀.

“Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀,” ni Ìbùkún wí. “Ẹ jẹ́ kí n jáde lọ wò ó.”

Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún, ó gbọ́ tí ajá kan ń gbó. Ìbùkún padà sórí fóònù.

“Tèmi rèé o. Ó wálẹ̀ gan-an. Ìràwọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn, ìmọ́lẹ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí ni tiyín?”

Fọláwùmí jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ohun tí òun náà rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, òun kò sì tíì sọ ọ́ fún un!

“Ó wálẹ̀? Lónìí Ọjọ́bọ̀? Ṣebí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta lo ní, ọjọ́ Ajé la sì rí i kẹ́yìn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Báwo lẹ ṣe kà á?”

“Ajé, ọ̀kan. Ìṣẹ́gun, èjì. Ọjọ́rú, ẹ̀ta. Mo wò ó lánàá, ó ń tàn yòò!”

Ìbùkún bú sẹ́rìn-ín. “Ọjọ́ ọjà lẹ kà fún ìràwọ̀! Ẹ ti ka ọjọ́ Ajé gan-an mọ́ ọn. Ìràwọ̀ kì í ná ọjà Oǹdó o! Ìṣẹ́gun ni ọ̀kan, Ọjọ́rú ni èjì, Ọjọ́bọ̀ òní ni ẹ̀ta. Kò yẹ kó wálẹ̀ lánàá rárá, òní ló yẹ. Ojú yín ò purọ́, ìka yín ló ṣì yín lọ́nà.”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre!” Ẹ̀rín ń pa Fọláwùmí, ẹkún ń pa á. Ọlọ́run mi o! Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù igi kalẹ̀. “Abẹ́rẹ́ wá ńkọ́?”

“Ìyẹn, àgbà ti ń dé ni. Ẹ máa bọ̀ ní Àkúrẹ́ kí dókítà ojú wò yín. Ẹ ti ń sá fún un tipẹ́.”

“Màá wá,” ló wí. “Mi ò bẹ̀rù mọ́.”

Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó sì pe Monílọ́lá. “Gbé aṣọ yẹn padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Màá parí ẹ̀, ìwọ lo kàn máa bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́.”

“Háà, ẹ ṣeun, mà! Ṣé ojú yín ti wá dáa?”

“Ojú mi ò lọ, ọmọ mi. Ọjọ́ ni mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ó ku ọjọ́ mélòó sí ìgbéyàwó ẹ gan-an? Rọra kà á fún mi, má ka òní mọ́ ọn.”