Dígí Kò Ṣe Nǹkan Kan

Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí onígbàjámọ̀ yìí ti ń gẹ irun lójú kan náà, kò sì gé ẹnikẹ́ni létí rí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ fún un ti tán láti oṣù mẹ́ta. Kò ra òmíràn. Ó ní kò sí ibi tó ń dun òun. Sìgá nìkan ni kì í jẹ́ kó tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gẹ irun tíṣà kan dé ìdajì, ni kílípà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ mú un nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ò dá a lóhùn. Ó wo dígí, ó rí i pé ẹnu òun ti wọ́ sápá kan. Ó bínú sí dígí, ó fi ọwọ́ òsì nù ún dáadáa. Ẹnu ṣì wọ́.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ìyá tíṣà yìí rí. Tíṣà dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rẹ́rìn-ín."

Onígbàjámọ̀ ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oníbàárà lọ̀gá. Apá kan ẹnu rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè."

Ọ̀kan lọ, ọ̀kan ò lọ.

"Ẹ sọ pé, 'Orí mi pé.'"

Ohun tó jáde dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé omi gbígbóná sẹ́nu. Ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì, ó fẹ́ sùn díẹ̀.

"Ẹ ò ní sùn níbì kankan," ni tíṣà wí. Ó kọ aago tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì dá takisí dúró.

Nílé ìwòsàn, dókítà wo orí tíṣà, ó bi í léèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin ni aláìsàn?" Lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ onígbàjámọ̀, ó ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ tó sáré dé: "Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan nínú ọpọlọ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni kó tó ṣeni, sìgá sì bá a gbé e. Wọ́n tètè dé, a ti fún wọn lóògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì náà."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀ títí. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà lórí sìgá àti oògùn ló ní í sọ. Ẹkún ló sun.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n ṣì ń kọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níṣẹ́ nílé ìwòsàn: kó máa ṣa bọ́tìnnì láti inú abọ́ kan sí èkejì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ já gaara lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí ti tó."

"Ó ku ogún, Bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ó mú ọ̀kan sí i.