Òrí Lára Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ẹja

Ọkọ̀ ẹja dídì ni èmi àti Ọládèjì ń wà láti Sharjah lọ sí ọjà Deira ní Dubai. Tí a kò bá nu rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbẹ ká tó fi gírísì pa á, yìnyín á dè é pa. Ọ̀gá sì ti ní tí a bá tún pẹ́, òun á gba ọkọ̀.

Lánàá ní Deira, ilẹ̀kùn kò ṣí. Oníbàárà ń pariwo pé ká yára, "Yalla! Yalla!"

"Ọládèjì, kí lo fi pa á?"

"Òrí yín ni, ẹ̀gbọ́n. Gírísì ti tán."

"Ṣé o nu omi ẹ̀?"

"Òrí ṣáà ń lé omi."

Òrí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ fún orúnkún mi! Ìpẹ́ ẹja àti irun kún inú ike òrí náà.

Oníbàárà lọ ra ẹja ẹlòmíràn, ọ̀gá sì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọládèjì na ọwọ́ tó ń rùn sí mi pé kí n má bínú. Mi ò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mi ò sì ní bọ̀ ọ́ títí ayé.