Oníbòmú Inú Àwòrán Mínísítà

"Ó tún wà níbí," ni ẹ̀gbọ́n Aláwòrán wí, ó sì fi ìdí bírò tọ́ka sí dígí tó wà lára ògiri nínú àwòrán náà.

Aláwòrán fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni. Láti àárọ̀ ló ti ń yọ obìnrin kan kúrò níbi tó dúró sí ní òdìkejì kéèkì. Ó ti fi aṣọ fèrèsé dí àyè rẹ̀, ó sì ti tún ìṣẹ́po aṣọ náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan títí kò fi sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ènìyàn dúró níbẹ̀ rí. Àṣé dígí ńlá kan wà lápá ọ̀tún. Obìnrin náà dúró sínú rẹ̀ jẹ́ẹ́, ó gbé àwo lọ́wọ́, ìbòmú funfun bo imú àti ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ń wo ẹni tó bá ń wo àwòrán.

"Ẹ má bínú," ni Aláwòrán wí. "Mi ò fiyè sí dígí yẹn ni."

"Ká ní mo ti gbé e fáwọn oníròyìn ńkọ́? Wọn ì bá fi mí ṣẹ̀sín dọjọ́ alẹ́ mi. Wọn ò ní bi Mínísítà o. Èmi ni wọ́n máa bi."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó ná."

Kò jókòó. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ́ sílẹ̀, ìdí rẹ̀ kò gba àga mọ́.

Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo ni, òun sì ni agbẹnusọ Mínísítà. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àrùn gba gbogbo ìlú, Mínísítà yìí kan náà ló jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, tó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe àlejò sílé, pé òkú gan-an, ènìyàn márùn-ún péré ni kó sin ín. Ní báyìí, ìwé ìròyìn kan ti gbé àwòrán jáde: Mínísítà rèé lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ó ń gé kéèkì nínú yàrá ìjẹun rẹ̀, àlejò sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwòrán ṣíṣú ni, ẹnìkan ló fi fóònù yà á lára àwòrán mìíràn. Mínísítà ní ó ti pẹ́, pé àrùn ò tíì dé nígbà náà. Ni obìnrin kan bá pe rédíò, kò dárúkọ, ó ní òun gbé àwo kiri níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àrùn sì ti dé, nítorí pé nínú gbogbo ilé, òun nìkan ni wọ́n ní kó lo ìbòmú. Mínísítà fèsì pé oníbòmú kankan ò wọ ilé òun rí, pé òpùrọ́ ni obìnrin náà. Láti ọjọ́ yẹn ni rédíò ò ti sinmi, tí aráàlú náà ò sì jẹ́ kó sinmi.

Ojúlówó àwòrán náà, èyí tó mọ́ kedere, wà lọ́wọ́ agbẹnusọ. Bí oníbòmú bá kúrò nínú rẹ̀, kò sóhun tó lè sọ ọdún tí wọ́n yà á mọ́. Iṣẹ́ tó gbé wá bá àbúrò rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí àrùn ò bá tíì dé, kí ló dé tó fi lo ìbòmú?"

"Ikọ́ ló ń ṣe é. Wọ́n ní kó bo ẹnu kó má baà wúkọ́ sórí oúnjẹ. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn nísinsìnyí? Aráyé ti dájọ́ tán."

"Ṣé ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ ni?"

Ó yíjú sí fèrèsé. "Èmi kẹ̀? Ṣé gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń gé kéèkì ni mo máa ń wà ni?" Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọ̀. "Àbúrò mi, èmi ni mo mú ọ lọ síwájú ọ̀gá rẹ, èmi ni mo dúró fún ọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Lónìí, ọwọ́ mi ò wọ kèrègbè."

Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọmọ ìyá rẹ̀ tí yóò ní òun ò ṣe? Aláwòrán ní òun máa ṣe é parí.

"Kí n rí i kí ilẹ̀ tó ṣú," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. "Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la ni Mínísítà máa gbé e han gbogbo ayé."

Iṣẹ́ Aláwòrán kò burú látilẹ̀wá. Ó ń la ojú fún ẹni tó ṣẹ́jú nígbà tí wọ́n ń yà á. Ó ń yọ ọkọ tí wọ́n ti kọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Ó ti mú bàbá tó kú dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí ìyá ọmọ náà sì di àwòrán náà mú tó ń sunkún. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan lemọ́lemọ́: "Bó o bá fẹ́ yọ ènìyàn, òjìji rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wá. Ẹni tó bá ti ojú bẹ̀rẹ̀, òun àtẹni náà ló máa jọ lọ sílé." Láàárọ̀ yìí, ìkánjú kò jẹ́ kó rántí. Ìbòmú pẹ̀lú orí ló kọ́kọ́ pa rẹ́, torí pé ìbòmú ni wàhálà. Nígbà tó lọ mu omi tó sì padà dé, ara tí kò ní orí ló bá lójú kọ̀ǹpútà, tó gbé àwo dání.

Àwòrán kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìsìnkú ìyá wọn ni, lọ́dún àrùn yẹn. Àwọn márùn-ún tí òfin gbà láàyè ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn àbúrò ìyá wọn ọkùnrin méjì, àtàwọn agbẹ́lẹ̀ méjì. Òun ni ẹnì kẹfà. Ẹ̀gbọ́n ní òfin ò mojú ẹnìkan, pé àwọn tó wà nídìí ìjọba ló yẹ kó kọ́kọ́ pa á mọ́. Ẹ̀yìn ọgbà ni Aláwòrán dúró sí, tó ti ibẹ̀ ya àwòrán wọn, tó ń gbọ́ bí yẹ̀pẹ̀ ṣe ń bọ́ sórí pósí. Lẹ́yìn oṣù kan, ó fi ara rẹ̀ sínú àwòrán náà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà mìíràn, òun gan-an á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé òun wà níbẹ̀.

Ó yọ obìnrin náà kúrò nínú dígí. Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ojú rẹ̀ sì ṣèèṣì bọ́ sórí ìdérí àwo kan tó ń dán lórí tábìlì. Obìnrin náà wà nínú ìdérí, ó gùn, ó tẹ̀ bí ènìyàn ṣe máa ń rí nínú ṣíbí. Orí Aláwòrán wú. Kì í ṣe iwin, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ń dán ló máa ń gba àwòrán ènìyàn, ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún oṣù kan péré mọ èyí. Àmọ́ níbi tí ìdérí yẹn wà, ó yẹ kí ojú obìnrin náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò yà. Aláwòrán ni ojú yẹn ń wò.

Ó pa ìyẹn náà rẹ́.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan ni, ó máa tó ọmọ àádọ́ta ọdún, ó ń gbọn agbòjò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Aláwòrán yára pa ojú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Pásípọ́ọ̀tù ni mo fẹ́ yà, méjì. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí òjìji lẹ́yìn mi."

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ kú òjò. Ẹ jókòó síbí, kẹ́ ẹ kọjú sí mi."

Obìnrin náà jókòó síwájú aṣọ funfun. Ojú rẹ̀ jẹ́ irú ojú tí ènìyàn máa ń rí lójoojúmọ́ tí kì í rántí. Bí Aláwòrán ṣe gbé kámẹ́rà sókè, ikọ́ mú obìnrin náà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo imú àti ẹnu. Ojú méjèèjì nìkan ló kù lókè ọwọ́.

Aláwòrán rẹ kámẹ́rà wálẹ̀. Ojú tó ti ń wò ó láti àárọ̀ ni.

"Ṣé kò sí wàhálà?" ni obìnrin náà bi í.

"Kò sí, Mà. Ẹ sọwọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibí." Ó yà á. Nígbà tí ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán jáde, obìnrin náà dìde lọ dúró níwájú ògiri.

"Ẹ̀yin rèé?"

"Èmi ni. Ìsìnkú ìyá wa ni."

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Ó tún sún mọ́ ọn. "Àwọn márùn-ún yòókù ní òjìji lórí yẹ̀pẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò ní."

Ọdún kan gbáko, ọgọ́rọ̀ oníbàárà, kò sẹ́ni tó rí i. Òun tó ṣe é gan-an kò rí i. Aláwòrán wo àwòrán náà, ó sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n kọ́ sára afẹ́fẹ́.

"Mi ò sí níbẹ̀," ló wí. Kò tíì sọ ọ́ jáde lẹ́nu rí. "Márùn-ún ni wọ́n ní kó wọlé. Èmi ni ẹnì kẹfà."

Obìnrin náà mi orí. "Tèmi yàtọ̀. Èmi wà níbì kan, wọ́n ní mi ò sí níbẹ̀." Ó padà jókòó. "Ó jẹ́ ibì kan tí mo ti gbé àwo fún wọn. Ilé iṣẹ́ tó rán mi lọ síbẹ̀ ní orúkọ mi ò sí nínú ìwé àwọn mọ́. Àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́, bí mo bá kí wọn, wọn á máa wo ẹ̀yìn mi. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo fọwọ́ kan ojú ara mi kí n tó jáde. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o."

"Mi ò rẹ́rìn-ín, Mà."

"Lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí n mú pásípọ́ọ̀tù méjì wá, kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi lèmi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ó tún yíjú sí ògiri. Lójijì, ó dìde, ó fi ìka kan ẹ̀gbọ́n Aláwòrán nínú àwòrán. "Ọkùnrin yìí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ ìbí tí mo gbé àwo. Aṣọ dúdú yìí náà ló wọ̀. Yẹ̀pẹ̀ pupa wà lẹ́sẹ̀ bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ ká gbogbo ilẹ̀ funfun wọn. Èmi ni mo nù ún. Mo ń nù ún, mo ń wí lọ́kàn mi pé, níbo lẹni yìí ti ń bọ̀?"

Aláwòrán di etí tábìlì mú. Ó mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ó mọ yẹ̀pẹ̀ náà. Ó rántí pé lọ́jọ́ ìsìnkú náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìpàdé pàjáwìrì kan ń dúró de òun, òun ò lè tẹ̀ lé e délé. Òun nìkan ló wá padà sí ilé ìyá wọn tó ṣófo. Ó dùn ún débi pé omi kò jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n?" ni obìnrin náà bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n." Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gé pásípọ́ọ̀tù méjèèjì, ó fi sínú àpò ìwé. Obìnrin náà mú wọn jáde, ó wò wọ́n pẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Omi agbòjò rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Aláwòrán bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án kó lè dá a lójú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Ó tan ojú kọ̀ǹpútà padà. Aṣọ fèrèsé dára. Dígí mọ́. Ìdérí mọ́. Ó fa ojú Mínísítà sún mọ́, ó fà á títí awò ojú rẹ̀ fi gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Méjì ni wọ́n níbẹ̀, wọ́n kéré bí ẹyọ ìrẹsì, ọ̀kan nínú dígí awò kọ̀ọ̀kan. Ìbòmú funfun, àwo, ojú méjì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rù kò bà á.

Fóònù dún. "Ṣé o ti ṣe é tán?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. "Kò sí níbì kankan mọ́?"

"Mo ti yọ ọ́ kúrò níbi gbogbo tẹ́ ẹ tọ́ka sí."

"O ṣeun, àbúrò mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rógun ẹ̀sín."

Kò ṣe àmín. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ bó ṣe wà.

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, Mínísítà gbé àwòrán náà sókè níwájú àwọn oníròyìn, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ wò ó dáadáa," ni Mínísítà wí. "Níbo ni oníbòmú wà?" Wọ́n wò ó dáadáa, iṣẹ́ wọn kúkú ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan níwájú fi fóònù yà á, ó fà á lójú, ó tún fà á. Lẹ́yìn náà ló nawọ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ta ló wà nínú awò ojú yín?"

Mínísítà yọ awò náà lójú, ó fa aṣọ ìnujú yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Kò pẹ́ tí fóònù Aláwòrán fi dún. "Kí lo ṣe fún mi yìí?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í. "Ọmọ ìyá mi, kí lo ṣe fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, yẹ̀pẹ̀ ibojì Ìyá wà lẹ́sẹ̀ bàtà yín lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa fóònù.

Aláwòrán sunkún, torí pé ọmọ ìyá ẹni kò ṣeé rà lọ́jà. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó sọ àwòrán ìsìnkú kalẹ̀ lára ògiri, ó sì ṣí ẹ̀dà rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà láti yọ ẹnì kẹfà, òun fúnra rẹ̀. Kò sí òjìji tí yóò kọ́kọ́ wá, nítorí náà, láti ojú ló ti bẹ̀rẹ̀.